Bí Dáyẹtíṣàn Ṣe Ń Kọ́ Iṣẹ́ Oúnjẹ Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí dáyẹtíṣàn, ìyẹn onímọ̀ oúnjẹ aláìsàn, kò tíì lè dá pàṣẹ oúnjẹ fún ọmọ tó wọn kílò kan. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé. Ohun tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ yunifásítì, ti àgbàlagbà ni: ìtọ̀ súgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, kíndìnrín tó ń daṣẹ́ sílẹ̀, ìsanrajù. Ọmọdé ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù rẹ̀ tó pé kì í sábà gbà ju wákàtí mélòó kan lọ. Ẹ̀yìn ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ jù.

Ìṣirò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ká mú ọmọ kan tó wọn kílò 1.2, tó ti ń gba gbogbo oúnjẹ rẹ̀ láti inú rọ́bà tí wọ́n kì bọ imú rẹ̀ dé ikùn. Mílílítà 160 lórí kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n pàṣẹ. Ìyẹn jẹ́ mílílítà 192 ní wákàtí 24. Bó bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fún un, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni, mílílítà 24 lẹ́ẹ̀kan. Títí débẹ̀, ẹnikẹ́ni tó mọ ìsọdipúpọ̀ lè ṣe é. Ohun tó wà nínú mílílítà 192 yẹn ni dáyẹtíṣàn gbọ́dọ̀ wò. Ọmú ìyá tó ti kọjá ti ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ní nǹkan bíi kálórì 67 àti purotéènì gíráàmù kan nínú mílílítà 100. Bí a bá ṣírò rẹ̀, kálórì 107 àti purotéènì gíráàmù 1.6 ni ọmọ náà ń rí lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Ìlànà tí ESPGHAN, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìfun àti oúnjẹ ọmọdé ní Yúróòpù, gbé jáde ní 2022 ní kálórì 115 sí 140 ló yẹ kó máa rí, àti purotéènì gíráàmù 3.5 sí 4. Kálórì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. Purotéènì kò tó ìdajì. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń po èròjà tí wọ́n ń pè ní fortifier mọ́ ọmú kí wọ́n tó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ọmú ìyá tí oṣù ọmọ rẹ̀ kò pé máa ń ní purotéènì ju èyí lọ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀, ẹni tó bá sì ń fi nọ́mbà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣírò ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò sí nínú ìṣirò ọjọ́ àkọ́kọ́, ti ọjọ́ keje ló wà. Bí ọmọ náà bá ń fi nǹkan bíi gíráàmù 20 kún ara lójúmọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó ti di kílò 1.34. Bí ìwé bá ṣì ń pa mílílítà 192, ọmọ ti bọ́ sí mílílítà 143 lórí kílò kọ̀ọ̀kan láìsí ẹni tó dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀n rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, wọ́n á sì máa wá àìsàn kiri. Ní wọ́ọ̀dù tó létò, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló ń tún oúnjẹ gbogbo ọmọ ṣírò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó kéré tán, kí ọ̀gá tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ikùn ọmọ tó gba oúnjẹ, omi tó ń gba ojú iṣan wọlé ló ń gbé e ró, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ ti ń le. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣírò súgà kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà: ìdá súgà inú omi náà, lọ́nà iye mílílítà tó ń wọlé ní wákàtí kan, kí á wá fi ìlọ́po mẹ́fà ìwọ̀n ọmọ pín in. Omi súgà ìdá 10 nínú 100 tó ń wọlé ní mílílítà 5 ní wákàtí kan fún ọmọ kílò 1.2 yóò jẹ́ 50, tí a fi 7.2 pín: mílígíráàmù 6.9 lórí kílò kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Láàárín 4 sí 8 ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó dára. Bí wọ́n bá fẹ́ fi súgà kún un, ìbéèrè tó kàn ni ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Iṣan kékeré ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ohun tó ju ìdá 12.5 lọ, torí ó lè jó iṣan, kí awọ ọmọ sì bó.

Nínú àpò oúnjẹ iṣan yìí, kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì kì í fẹ́ bára wọn gbé. Bí méjèèjì bá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, wọ́n á dì, wọ́n á dà bí ẹrẹ̀ funfun tó lè dí rọ́bà, tó tiẹ̀ lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ dé ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyí tí ètò ẹ̀kọ́ tó dára fi ń ní kí dáyẹtíṣàn lo àkókò lọ́dọ̀ àwọn apòògùn tó ń po àpò náà, kó fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń dà sí i àti ohun tí wọ́n ń fi sẹ́yìn.

Ọmọ tí kò rí oúnjẹ tó nínú ìyá rẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Nígbà tí purotéènì bá ya wọ ara rẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìkọ́lé, á fa fọ́sífétì àti pọ̀tásíọ̀mù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ sínú ẹran ara. Kálísíọ̀mù á wá máa gòkè. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ á dín kálísíọ̀mù kù, á rò pé òun ti ṣe é tán. Fọ́sífétì ló yẹ kó fi kún un. Kì í ṣe ìwé nìkan ló ń kọ́ni ní èyí. Àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ gidi, tí ọ̀gá ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lójú kọ́ńsọ́táǹtì, ló ń mú un wọ orí.

Wíwọn ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ṣáàtì ìdàgbàsókè Fenton tàbí ti INTERGROWTH-21st ni wọ́n ń lò kí ọmọ tó dé ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí i, kí wọ́n tó wá bọ́ sí ti àjọ WHO, ọjọ́ orí tí wọ́n sì ti yọ oṣù tí kò pé kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sàmì. Ènìyàn méjì ló ń wọn gígùn ọmọ, lórí pákó, kì í ṣe tépù. Orí náà ń jẹ́ wíwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìwọ̀n bá fò sókè lójijì, tí gígùn àti orí dúró sójú kan, omi ló kún ara ọmọ, oúnjẹ kọ́.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti to ọ̀nà tí èèyàn ń gbà di dáyẹtíṣàn ọmọdé lẹ́sẹẹsẹ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, ẹni tí kò bá ní másítà kò lè jókòó ṣe ìdánwò dáyẹtíṣàn. Ó kéré tán, wákàtí 1,000 lábẹ́ alábòójútó wà nínú ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́yìn ọdún méjì tó ti gbàṣẹ, tó sì ti lo wákàtí 2,000 lórí oúnjẹ ọmọdé láàárín ọdún márùn-ún, ó lè lọ ṣe ìdánwò CSP, ìwé ẹ̀rí àkànṣe lórí oúnjẹ ọmọdé, tí Commission on Dietetic Registration, àjọ tó ń forúkọ dáyẹtíṣàn sílẹ̀ níbẹ̀, ń ṣètò. Wákàtí 2,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdún kan gbáko fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ní ọdún márùn-ún márùn-ún, wọ́n á tún ìdánwò náà ṣe. Ìwé ẹ̀rí ọ̀tọ̀ tún wà fún oúnjẹ ọmọdé tí àìsàn rẹ̀ le gan-an.

Ìṣòro kan ń bẹ nínú CSP tí ọ̀pọ̀ kì í rí kí wọ́n tó sanwó. Gbogbo ọmọdé ló kó pọ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ tuntun nìkan ló ń tọ́jú gbọ́dọ̀ kàwé lórí ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, àti lórí oúnjẹ ọlọ́ràá fún wárápá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹlòmíràn lè gba CSP láìfọwọ́ kan ọmọ kílò kan rí. Nítorí náà, àwọn ilé ìwòsàn ọmọdé ńlá kan ní ètò tiwọn tó dá lórí ọmọ tuntun nìkan, tó sì ń gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ibi tí wákàtí ti kọjá ni agbanisíṣẹ́ ọlọ́gbọ́n máa ń béèrè, kì í ṣe lẹ́tà tó tẹ̀ lé orúkọ.

Ní Bìrìtìkó, kò sí ìdánwò àgbà bẹ́ẹ̀. HCPC, àjọ tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀, ló ń forúkọ dáyẹtíṣàn sílẹ̀, òfin kò sì gbà kí ẹlòmíràn máa pe ara rẹ̀ ní orúkọ yẹn. Ẹ̀ka ọmọdé nínú British Dietetic Association ń ṣètò kọ́ọ̀sì ní ìpele másítà, ìyókù di ti ilé ìwòsàn: ìwé tí wọ́n to iṣẹ́ sí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀gá ń fọwọ́ sí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó ti Nàìjíríà lọ ní láti mú àlàyé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá ní kíkún, àti IELTS 7.0 tí ẹ̀ka kankan nínú rẹ̀ kò lọ sí ìsàlẹ̀ 6.5, bó bá jẹ́ ìdánwò yẹn ló yàn.

Nílé níbí, ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ yunifásítì bíi ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn rẹ̀ ni íńtánṣíìpù ọdún kan ní ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́ọ̀dù ọmọdé jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ń yí íńtáànì kiri. Ẹni tó bá fẹ́ jinlẹ̀ ní láti bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó pọ̀ sí i níbẹ̀. Ohun tí ó sì máa kọ́ yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Fortifier kì í sábà sí, nítorí náà ọmú ìyá fúnra rẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n wà lé lórí: kí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí fún ọmú jáde láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ó kéré tán lójúmọ́, tòru pẹ̀lú, kó lè dé mílílítà 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Èyí tó ń jáde gbẹ̀yìn ló ní ọ̀rá jù. Ọ̀rá yẹn a sì máa lẹ̀ mọ́ ara síríǹjì àti rọ́bà, pàápàá bó bá ń kán díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí pípẹ́. Bí wọ́n bá gbé ẹnu síríǹjì sókè, tí wọ́n lo rọ́bà kúkúrú, ọ̀rá á máa ṣáájú wọlé. Pípọn ọmọ mọ́ àyà, awọ sí awọ, wà nínú ẹ̀kọ́ náà: wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́ ni WHO ní kí wọ́n fi ṣe é ní 2022.

Ọmọ tí ebi ti pa dé ojú ikú náà wà ní wọ́ọ̀dù kan náà, ìlànà tirẹ̀ kò sì jọ ti ọmọ tuntun. F-75, mílíìkì àkànṣe tí wọ́n ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mílílítà 130 lórí kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, 100 bí ara bá wú gan-an. Ọmọ kílò mẹ́fà tí ara rẹ̀ kò wú á gba 780, ìyẹn 65 ní wákàtí méjì-méjì. Purotéènì rẹ̀ kò ju gíráàmù 0.9 lọ nínú mílílítà 100, nítorí ẹ̀dọ̀, ọkàn àti kíndìnrín kò tíì lè gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tí ọmọ ń sunkún oúnjẹ fún á máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi kún un. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé fún un láìjágbe. Ìgbà tí ọmọ bá ti ń jẹun dáadáa, tí wíwú ara rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀, ni wọ́n á fi F-100, mílíìkì tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, rọ́pò, ìwọ̀n kan náà fún wákàtí 48, kí wọ́n tó máa fi mílílítà 10 kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Yunifásítì Southampton ní kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì lórí èyí, ọ̀fẹ́ ni.

Ká tó fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì èyíkéyìí, ó yẹ ká wo ìsàlẹ̀ ìwé ìpolongo rẹ̀, ká rí ẹni tó ń sanwó. Àwọn ilé iṣẹ́ mílíìkì alágolo ti pẹ́ nínú ẹ̀kọ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ṣe ní 1981 lórí títa ohun tó ń rọ́pò ọmú, àti ìpinnu ìpàdé WHO ti 2016, ló mú kí àwọn ilé ìwòsàn kan má ka irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ sí. Kí á béèrè iye ibùsùn ọmọ tuntun tó wà níbẹ̀, ẹni tí yóò máa fọwọ́ sí iṣẹ́, àti bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣírò fúnra rẹ̀ tàbí ìran ló kàn ń wò. Wákàtí tí a bá lò, lọ́sẹ̀ náà gan-an ni kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ẹ̀ka lé e, nítorí ọ̀gá náà lè ti ṣí lọ sí ibòmíràn kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.