Winx

Winx (tí a bí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011) jẹ́ abo ẹṣin asáré láti orílẹ̀-èdè Australia, nínú ìran ẹṣin tí à ń pè ní Thoroughbred. Eré-ije 43 ló sá, ó sì gba ipò kìíní nínú 37. Àwọn 33 tó sá gbẹ̀yìn, kò sí ẹṣin kan tó ṣíwájú rẹ̀ nínú wọn. Group 1 ni ipele tó ga jù lọ nínú eré-ije ẹṣin, 25 nínú ìṣẹ́gun Winx ló sì wà níbẹ̀. 22 ni Hurricane Fly, ẹṣin afò-ìdènà tí a bí ní Ireland, ní kí Winx tó kọjá rẹ̀. Owó tó gbà lórí pápá lé ní mílíọ̀nù 26 dọ́là Australia.

Ìran

Oko tí wọ́n ti ń sin ẹṣin, Coolmore, ní Jerrys Plains, ìpínlẹ̀ New South Wales, ni a ti bí i. Street Cry, tó gba Dubai World Cup ní ọdún 2002, ni bàbá rẹ̀. Akọ ẹṣin yìí kan náà ló bí Zenyatta, tó borí nínú eré 19 nínú 20 ní Amẹ́ríkà. Vegas Showgirl láti New Zealand ni ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á ní gbàǹjo Magic Millions ní Gold Coast ní ọdún 2013 ní 230,000 dọ́là. Chris Waller ló kọ́ ọ ní Sydney, Hugh Bowman ló sì gùn ún jù lọ.

Ìgbà tó ń sáré

Oṣù Kẹfà ọdún 2014 ló kọ́kọ́ sáré, ní Warwick Farm, ó sì borí. Síbẹ̀, nínú eré mẹ́wàá àkọ́kọ́, mẹ́rin péré ló gbà. Ẹṣin tó ń jẹ́ Gust of Wind ló borí rẹ̀ gbẹ̀yìn, nínú Australian Oaks ní oṣù Kẹrin ọdún 2015. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, nínú Sunshine Coast Guineas ní Queensland, ó wà lẹ́yìn pátápátá nígbà tí wọ́n yí kọ́nà ìkẹyìn, ó sì kọjá gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́gun 33 náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti mítà 1300 dé 2200 ló ti borí láàárín wọn. Ẹṣin tó lè borí nínú eré kúkúrú àti eré gígùn bẹ́ẹ̀ ní ipele yẹn kò wọ́pọ̀.

Cox Plate ni a fi ń dá a mọ̀ jù lọ. Mítà 2040 ni eré yìí, ọdún 1922 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní Moonee Valley, Melbourne. Ní àkókò Winx, ojú ọ̀nà títọ́ tó kángun sí òpin pápá náà kúrú gan-an, nǹkan bí mítà 173, nítorí náà ẹṣin tó bá dúró sẹ́yìn ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra kí ó tó dé kọ́nà. Ohun tí Winx mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Ó gba eré náà ní 2015. Ní 2016, gígùn ara ẹṣin mẹ́jọ ló wà láàárín òun àti Hartnell tó ṣe ìkejì, èyí sì kọjá méje tí Dulcify fi borí ní 1979. Ní 2017, Humidor sún mọ́ ọn dé ìdajì gígùn ara ẹṣin, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 2.94 tí Winx fi parí eré náà ni ó yá jù lọ lórí pápá yẹn títí di ìgbà náà. Ó tún gbà á ní 2018, ó sì kọjá ẹṣin Kingston Town tó gba mẹ́ta láàárín 1980 àti 1982.

Ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni Warwick Stakes ọdún 2017. Ó pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu géètì, díẹ̀ kíún ló sì fi ṣíwájú Foxplay, tí Waller kan náà ń tọ́jú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sọ eré náà di Winx Stakes, Winx fúnra rẹ̀ ló sì gbà á. Ìṣẹ́gun 26 léraléra nìyẹn, tó fi kọjá 25 ti Black Caviar, abo ẹṣin Australia mìíràn. Ó yẹ kí a rántí pé eré kúkúrú ni Black Caviar ń sá, kò sì pàdánù rí títí tó fi kúrò lórí pápá; fífi àwọn méjèèjì wéra kò rọrùn.

Winx sá eré ìkẹyìn rẹ̀, Queen Elizabeth Stakes, ní Randwick ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2019, níwájú èrò tó lé ní 40,000.

Ipò rẹ̀

Òun ni Ẹṣin Ọdún ní Australia fún sáà mẹ́rin léraléra, òun àti Cracksman láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì jọ wà lókè àtòjọ ẹṣin àgbáyé ti 2018. Àwọn kan ka àìjáde rẹ̀ kúrò ní Australia sí àbùkù. Ẹ̀rí wà tó ta ko èrò yìí díẹ̀: Highland Reel, tó ṣe ìkẹta lẹ́yìn rẹ̀ nínú Cox Plate 2015, lọ gba King George ní Ascot àti Breeders' Cup Turf ní Amẹ́ríkà ní ọdún kejì. Benbatl, tó ṣe ìkejì ní 2018, ti gba Dubai Turf ní ọdún yẹn kan náà.

Ọmọ

Ọmọ àkọ́kọ́ rẹ̀, tí I Am Invincible jẹ́ bàbá rẹ̀, kò yè ní 2020. Ní 2022 ó bí abo kan fún akọ ẹṣin Pierro. Wọ́n ta ọmọ yìí ní gbàǹjo Inglis ní Sydney ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ní mílíọ̀nù 10 dọ́là, iye tí wọn kò tíì san rí lórí ẹṣin ọlọ́dún kan ní Australia. Debbie Kepitis, ọ̀kan nínú àwọn tó ni Winx, ló rà á.