Bí Àga Onígi Ilẹ̀ Bràsíl Ṣe Di Ohun Àwárí

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, òpópónà Rua do Lavradio láàárín ìlú Rio de Janeiro máa ń kún fọ́fọ́ fún ọjà ohun àtijọ́. Ẹni tó bá mọ àga í mọ̀ kì í fi ojú àga ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò da àga náà dojú dé, ìdí rẹ̀ ni yóò máa wò. Ó ń wá bébà kékeré tí ṣọ́ọ̀bù lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń wo bí wọ́n ṣe ki igi bọ inú igi. Ó ń fi àtàńpàkò ra ibi tí fáníìṣì kò dé, kó lè rí àwọ̀ igi náà gan-an. Igi tó ń wá ni wọ́n ń pè ní jacarandá. Igi yìí ló bí gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ, ìgbà tó sì kù díẹ̀ kó tán nínú igbó ni àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í du ohun tí wọ́n fi ṣe.

Igbó etí òkun, láti Bahia lọ sí Espírito Santo dé Rio, ni jacarandá ti ń hù. Dalbergia nigra ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Inú rẹ̀ pọ́n bíi kòkó tí wọ́n yan, ìlà dúdú sì ń wọ́ gba inú rẹ̀ kọjá, ìyẹn ni pátákó méjì kì í fi í jọra. Bí ayùn bá wọ̀ ọ́, òórùn dídùn bíi ti òdòdó róòsì á gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù kan. Ó le, ó wúwo, kòkòrò kì í tètè jẹ ẹ́. Láyé ìjọba Potogí, òun ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀dì olówó àti àpótí ńláńlá tí àwọn àlùfáà ń kó aṣọ ìsìn sí. Ọ̀pọ̀ nínú ọwọ́ tó gbẹ́ wọn jẹ́ ọwọ́ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn èèyàn tiwa wà nínú wọn. Nígbà tí àwọn Àgùdà ń padà bọ̀ sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ bíríkìlà ni ọ̀pọ̀ wọn fi jẹun ní Pópó Àgùdà. Kí Potogí tó dé rárá sì ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń gbẹ́ àpótí láti ara ìtì igi kan ṣoṣo, tí wọ́n á fún un ní orí ẹyẹ tàbí ti ẹkùn. Títí dòní ni àwọn tó wà lágbègbè odò Xingu ṣì ń gbẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n àga tí àwọn olùwárí, ìyẹn àwọn tó ń kó àga àtijọ́ jọ, ń lé kiri báyìí, ọkùnrin kan báyìí ló la ọ̀nà rẹ̀. Lọ́dún 1906 ni wọ́n bí Joaquim Tenreiro ní abúlé Melo ní ilẹ̀ Potogí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Lọ́dún 1928 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Rio, ó sì bá iṣẹ́ lọ ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àga fún àwọn ọlọ́rọ̀, Laubisch & Hirth wà lára wọn. Ẹ̀dà àga àwọn ọba Faransé ni àwọn oníbàárà ibẹ̀ ń béèrè: ẹsẹ̀ àga tí wọ́n fín wínníwínní, ìjókòó tó ki, àrán lórí rẹ̀, nínú ìlú tí òógùn ti ń ro lára èèyàn láti àárọ̀ kùtùkùtù. Tenreiro ń ṣe ohun tí wọ́n rán an, ṣùgbọ́n ó tún ń ya àwòrán tirẹ̀ pa mọ́.

Ọ̀nà ṣí fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940. Òǹkọ̀wé kan tó tún ní ilé iṣẹ́ aṣọ híhun, Francisco Inácio Peixoto, ní kí ayàwòrán ilé tó ń jẹ́ Oscar Niemeyer ya àwòrán ilé fún òun ní Cataguases, ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais. Ilé dára, ó mọ́ fónífóní, àga ayé ọba Faransé kò sì lè bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu. Àwòrán tí Tenreiro pa mọ́ ló bọ́ sí àkókò. Lọ́dún 1942 ó ṣe àga ìrọ̀gbọ̀kú kan tó pè ní Poltrona Leve, ìyẹn àga tó fúyẹ́. Ọwọ́ àga náà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí òdòdó tí wọ́n fín sí i lára. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Langenbach. Níbi tí àwọn ẹlòmíì ti ń lo tìmùtìmù, ó máa ń lo pankẹ́rẹ́ tí wọ́n hun, kí atẹ́gùn lè máa gba ẹ̀yìn ẹni tó jókòó.

Ní nǹkan bí ọdún 1947, Tenreiro ṣe àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan. Ó lẹ igi oríṣiríṣi pọ̀ mọ́ ara wọn ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, jacarandá tó dúdú, imbuia, roxinho tó ní àwọ̀ bí àlùkò, pau marfim tó funfun bí eyín erin, lẹ́yìn náà ó gbẹ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé igi kan ṣoṣo ni. Lójú tèmi, kò sí àga tó ju ìyẹn lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Àwọn kan á ní ìgbà tí wọ́n kọ́ Brasília, olú ìlú tuntun ilẹ̀ náà, ni àga ìgbàlódé Bràsíl bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìjọba ti náwó sí i. Mi ò gbà. Nígbà tí wọ́n ṣí Brasília ní ọdún 1960, ọkùnrin ará Melo yẹn ti ń ṣe é bọ̀ láti nǹkan bí ọdún méjìdínlógún.

Sergio Rodrigues, ọmọ Rio tí wọ́n bí lọ́dún 1927, ló wá mú ẹ̀rín wọ inú rẹ̀. Ayàwòrán ilé ni. Lọ́dún 1954 ó ṣe Mocho, àpótí onígi tó wo ti àwọn darandaran tó ń fún wàrà màlúù ṣe é. Ọdún kejì ló ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ipanema, ó pè é ní Oca, orúkọ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pe ilé wọn. Ayàwòrán fọ́tò kan, Otto Stupakoff, bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun ṣe àga gbọọrọ tí òun lè nà gbalaja sí nínú ilé iṣẹ́ òun. Ohun tó jáde níbẹ̀ lọ́dún 1957 ni Mole, tó túmọ̀ sí ohun tó rọ̀: jacarandá tó sanra bí apá akin, awọ tí wọ́n so bí ọ̀já láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, tìmùtìmù awọ tó ṣubú lé e lórí. Nígbà tí wọ́n gbé e sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, àwọn èèyàn ń wò ó tìyanutìyanu, wọn ò sì tètè rà á. Ọdún 1961 ló gba ipò kìíní níbi ìdíje àga tó wáyé ní Cantù, ní Ítálì, ilé iṣẹ́ ISA lọ́hùn-ún sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní orúkọ mìíràn, Sheriff.

Mole ló gba òkìkí, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì Mucki tó ṣe lọ́dún 1958 ni mo fẹ́ràn jù. Pátákó tóóróòròó ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àlàfo díẹ̀ láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ kúkúrú ló sì gbé wọn dúró. Èèyàn lè jókòó lé e, ó lè gbé abọ́ àti ìwé lé e. Bẹ́ǹṣì kò ní ẹ̀yìn, kò ní apá, nítorí náà káfíńtà kò rí ibi kankan fi àléébù pa mọ́ sí. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí àwọn olùwárí fi ń ka bẹ́ǹṣì sí tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn wà. Jorge Zalszupin, ọmọ ilẹ̀ Pólàǹdì, dé lọ́dún 1949, ó dá ilé iṣẹ́ L'Atelier sílẹ̀ ní São Paulo lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó sì ń to àjákù jacarandá pọ̀ bí aṣọ alápapọ̀ kó má baà ṣòfò. Geraldo de Barros, oníṣẹ́ ọnà, àti àlùfáà Dòmíníkì kan dá ilé iṣẹ́ Unilabor sílẹ̀ lọ́dún 1954, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ti ń pín èrè. Lina Bo Bardi, ayàwòrán ilé, obìnrin ará Ítálì tó dé lọ́dún 1946, ni àwa Yorùbá ní ìdí láti rántí jù lọ. Nígbà tí wọ́n ń tún ilé kan ṣe ní Pelourinho, nílùú Salvador, tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di Casa do Benin, ìyẹn Ilé Benin, Pierre Verger, ayàwòrán fọ́tò ará Faransé tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu, tó sì ń jẹ́ Fátúmbí, wà lára àwọn tó gbé iṣẹ́ náà dìde. Ilé oúnjẹ tó wà níbẹ̀ ni Lina pẹ̀lú Marcelo Ferraz àti Marcelo Suzuki ya àga Girafa fún lọ́dún 1987: ìjókòó róbótó, ẹsẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ náà gùn kọjá ìjókòó lọ sókè, ó di ẹ̀yìn àga. Ẹni tó bá dàgbà pẹ̀lú àpótí ìdáná ìyá rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

José Zanine Caldas ni kò yẹ kí n sáré kọjá. Belmonte, ní gúúsù Bahia, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1919. Kò lọ sí yunifásítì kankan láti kọ́ àwòrán ilé. Ilé kéékèèké tí àwọn ayàwòrán ilé fi ń ṣe àpẹẹrẹ ló ń kàn, ó sì kàn án fún Niemeyer àti Lúcio Costa. Ní ìparí àwọn ọdún 1940 ó dá ilé iṣẹ́ Móveis Artísticos Z sílẹ̀ ní São José dos Campos. Pílíwúùdù ló ń lò níbẹ̀, ó sì ń gé e kí ohunkóhun má baà ṣòfò, kí olùkọ́ àti akọ̀wé lè rí owó rẹ̀ san.

Lẹ́yìn ọdún 1968 ó padà sí Bahia, ó ń gbé ní Nova Viçosa. Ohun tó bá níbẹ̀ bà á nínú jẹ́. Àwọn agégi ti wọ igbó náà, wọ́n ń gé igi tó ti wà láti ayé baba ńlá lulẹ̀, èyí tó bá wọ́ lójú wọn wọ́n á fi í sílẹ̀ kó jó tàbí kó jẹrà. Zanine ń lọ kó àwọn ìtì tí wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ létí odò ló bá ṣiṣẹ́, àáké ni wọ́n sì fi ń gbẹ́ ẹ bí a ṣe ń gbẹ́ odó. Bẹ́ǹṣì tó jáde láti ibẹ̀ wúwo débi pé ọkùnrin mẹ́rin ló máa ń gbé e. A rí ojú àáké lára rẹ̀, a rí ibi tí ẹ̀ka ti yọ. Ó sọ wọ́n ní móveis-denúncia, àga tó ń ké gbàjarè. Ó fẹ́ kí ẹni tó bá jókòó lé e mọ bí igi tí wọ́n pa ṣe tóbi tó.

Nígbà yẹn, ọjà ti ń yí padà. Unilabor kógbá sílé lọ́dún 1967, Rodrigues fi Oca sílẹ̀ lọ́dún 1968, Tenreiro sì ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa láàárín àwọn ọdún yẹn, ó gbájú mọ́ ère àti àwòrán. Fọ́míkà, irin àti ike ló wọ ilé. Ohun tó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi ni bí ó ṣe yára. Ọmọ tí wọ́n fi Mole tọ́ dàgbà á jogún ilé, á wo àga náà bí ẹrù bàbá àgbà. Ní Bràsíl, bí ẹnì kan bá kú tàbí tí ó ń kó lọ, wọ́n máa ń gbé pátákó síta, wọ́n á kọ ọ́ sí i pé «família vende tudo», ìdílé ń ta gbogbo ẹrù. Irú ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jacarandá gbà jáde, sínú ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ẹrù àlòkù.

Àwọn oníṣòwò wọ̀nyẹn ni mo kà sí olùkójọ àkọ́kọ́. Wọn ò ní ìwé, ojú àti ọwọ́ wọn ni wọ́n fi mọ ọ̀nà tí oníkálukú ń gbà kan àga. Ìwádìí tẹ̀ lé wọn: lọ́dún 1995 ni Maria Cecilia Loschiavo dos Santos ti Yunifásítì São Paulo gbé ìwé jáde lórí àga ìgbàlódé ilẹ̀ náà, àwọn tó ń fojú wò ó sì wá rí orúkọ àti ọdún tí wọn yóò so mọ́ ọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn onílé àfihàn New York bíi R & Company ń lọ wá a ní Rio àti São Paulo. Lọ́dún 2002 Carlos Junqueira, ọmọ Bràsíl, ṣí ṣọ́ọ̀bù Espasso ní New York fún àga ilẹ̀ rẹ̀ nìkan. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí gbàǹjo àwọn ilé ńlá. Rodrigues rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, ilé iṣẹ́ LinBrasil tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn àga rẹ̀ kó tó kú lọ́dún 2014. Tenreiro kò rí i; ọdún 1992 ló kú.

Ọdún 1992 yẹn kan náà ni wọ́n fi jacarandá sí ìpele tó le jù nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè gé e lónìí kó sì fi ṣòwò kọjá ẹnu ibodè. Èyí tó wà nínú àga àtijọ́ ni èyí tó kù tí ó lè rìn, ìyẹn náà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé tó fi hàn pé ó ti wà ṣáájú òfin. Àwọn tó ń ṣe àga Rodrigues àti ti Tenreiro ní tuntun báyìí ń lo igi mìíràn.

Nítorí náà ni bébà kékeré ìdí àga fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ní Lavradio. Ọ̀pọ̀ àga ló ti pàdánù tirẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló sì ń fi orúkọ Tenreiro pe ohun tí ọwọ́ Tenreiro kò kàn. Ìmọ̀ràn tí mo lè fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni pé kó má fi owó ńlá ṣáájú. Kó lọ di ẹsẹ̀ àga mú, kó da á dojú dé, kó wo ibi tí igi ti wọ igi, kó béèrè ilé tí wọ́n ti gbé e jáde àti ọdún tí ó dé ilé náà. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ ọ́, kó gbé e padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó máa lọ sí àtẹ tó kàn.