Owó Ewé: Bí Owó Kòríà Àtijọ́ Ṣe Di Ohun Ọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá di owó àtijọ́ ti Kòríà mú, ihò àárín rẹ̀ ni ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ bá. Owó náà rí roboto, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ ní igun mẹ́rin. Ihò yìí ló jẹ́ kó rọrùn láti so mọ́ ara, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe nítorí ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ṣe lu ú.

Sangpyeong Tongbo lorúkọ owó náà. Ọdún 1633 ni wọ́n kọ́kọ́ dà á, àmọ́ kò rìn jìnnà. Ìgbà Ọba Sukjong, ní 1678, ló tó tàn dé ọjà gbogbo, wọ́n sì ń ná an títí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi ń lọ sópin. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní yeopjeon, owó ewé. Wọ́n á tẹ owó àwòṣe sínú iyanrìn, wọ́n á la ojú ọ̀nà sí àárín, ẹ̀ka á yà sọ́tùn-ún sósì, idẹ yíyọ́ á sì ṣàn wọlé. Tó bá tutù, igi idẹ ni wọ́n ń gbé jáde, owó á so mọ́ ẹ̀ka rẹ̀ bí ewé. Wọ́n á wá já wọn, wọ́n á ki ọ̀pá onígun mẹ́rin bọ ihò wọn, wọ́n á ha etí wọn títí á fi dán. Igun mẹ́rin yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n yí lórí ọ̀pá.

Bí àwọn baba wa ṣe ń sín owó ẹyọ ní ogójì ogójì, àwọn náà ń sín tiwọn: ọgọ́rùn-ún ni nyang kan. Àwọn ọmọdé á fi pépà wé e, wọ́n á fa etí pépà gba inú ihò jáde, ó di jegi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá sókè.

Àmọ́ byeoljeon, owó àrà ọ̀tọ̀, ni ọ̀ṣọ́ gidi. Kò ra nǹkan kan lọ́jà. Labalábá, ẹja, òdòdó àti àdán ni wọ́n ń yà sí i, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀mí gígùn, ọlà àti ọmọkùnrin púpọ̀. Àdán yẹn yà mí lẹ́nu, nítorí ta ní ń fi àdán ṣe ọ̀ṣọ́ nílé wa? Lọ́dọ̀ tiwọn, bok ni wọ́n ń pe lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ àdán, bok náà sì ni oríire. Ìyàwó tuntun láti ilé ọlọ́lá a máa gbé yeolsoepae lọ ilé ọkọ: ohun ìkọ́ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi okùn sílíkì aláràbarà so byeoljeon mọ́ rẹpẹtẹ, tí owó ara rẹ̀ sì ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Wọ́n tún ń lò ó lára norigae, ọ̀ṣọ́ oníwajawaja tí obìnrin ń fi kọ́ okùn ẹ̀wù tàbí ìbàdí.

Ní 1866, Heungseon Daewongun, bàbá ọba, dá owó kan sílẹ̀ láti fi tún ààfin Gyeongbokgung kọ́. Ó ní kí ẹyọ kan rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún owó ewé lásán, bẹ́ẹ̀ idẹ inú rẹ̀ kò ju ti márùn-ún sí mẹ́fà lọ. Ọjà gbówó lórí kíákíá. Nígbà tó di 1892, ẹ̀rọ ti ń tẹ owó tí kò níhò ní Incheon, owó ewé sì di ohun àná. Kódà, àwọn ará Kòríà wá ń fi yeopjeon pe ara wọn tí wọ́n bá fẹ́ fi ara wọn ṣe ẹlẹ́yà.

Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ sọ́rùn lónìí kò nílò alágbẹ̀dẹ, okùn awọ tó gba ihò náà ti tó. Àwọn kan ń dá ihò kékeré míì sí etí rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ara owó náà lè dúró lóòró. Èmi kò lè ṣe é. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò ná: lókè ihò, lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ilé-iṣẹ́ tó dà á.