Irú tai chi tó yẹ kí àgbàlagbà fi bẹ̀rẹ̀ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá dúró dáadáa mọ́

Àgbàlagbà kì í sábà ṣubú níbi tó bá dúró jẹ́ẹ́ sí. Ìgbà tó bá ń dìde lórí àga, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tàbí tí ẹnì kan pè é láti ẹ̀yìn tó sì yíjú kíá, ìgbà náà ni ẹsẹ̀ máa ń yẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ibi wọ̀nyí: ìwúwo ara ń kúrò lórí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì, ẹsẹ̀ tó sì yẹ kó gbà á kò tíì múra tán. Tai chi, iṣẹ́ ìjà àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń fi pẹ̀lẹ́ ṣe, mú àkókò kékeré yẹn, ó fà á gùn, ó sì ní kí èèyàn máa ṣe é ní àṣetúnṣe.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Orúnkún méjèèjì á tẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á kó gbogbo ìwúwo ara sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún títí tí ẹsẹ̀ òsì á fi fúyẹ́ pátápátá, kí wọ́n tó gbé e síwájú. Gìgísẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀, láìtíì gbé ara lé e. Bí ilẹ̀ bá ń yọ̀, wọ́n ṣì lè fa ẹsẹ̀ náà padà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àtẹ́lẹsẹ̀ á wá tẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ìwúwo á sì máa bọ́ sórí rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, orí ń yí tẹ̀ lé ọwọ́. Yíyí orí yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Ojú, inú etí lọ́hùn-ún, àti ohun tí àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú oríkèé ń gbọ́ láti ilẹ̀ ni ara fi ń mọ ibi tó wà. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ sókè, ojú ni ọ̀pọ̀ máa ń gbára lé jù, ìdí nìyẹn tí òkùnkùn fi léwu fún wọn. Bí ojú kò bá ti rí ibi kan tẹjú mọ́, ẹsẹ̀ á ní láti jí sí iṣẹ́ tirẹ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ ni ọ̀wọ́ onígbésẹ̀ 24. Ìgbìmọ̀ eré ìdárayá ìjọba Ṣáínà ló ṣe é jáde ní 1956, láti inú ẹ̀yà Yang, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe tai chi, kò sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà lọ. Wọ́n ní wọ́n ti mú un rọrùn, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ gígùn tí wọ́n gé e kúrò lára rẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe orúnkún ẹni ọdún 75. Gìgísẹ̀ ń tani lọ́tùn-ún, ó ń tani lósì nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń pè ní ejò wà níbẹ̀, tí èèyàn á lósòó sórí ẹsẹ̀ kan, tí á na èkejì gbọọrọ. Láti ibẹ̀ ni yóò ti dìde tààrà sórí ẹsẹ̀ kan bí àkùkọ wúrà, yóò sì tún un ṣe ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tó ń di ògiri mú rìn kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Ẹ̀yà Chen, tó ní fífò àti títẹ ilẹ̀ gbì, kò tilẹ̀ kúnjú òṣùwọ̀n fún ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yà Sun sàn díẹ̀. Sun Lutang (1860–1933), tó dá a sílẹ̀, dúró sókè ju àwọn yòókù lọ, bí ẹsẹ̀ kan bá sì ti lọ síwájú, èkejì á tẹ̀ lé e, débi pé wọn kì í jìnnà síra. Ẹ̀yà yìí ni Paul Lam, dókítà kan ní Ọsirélíà, gbé ètò rẹ̀ fún àwọn onílàkúrègbé kà ní 1997. Ó dára fún orúnkún tó ń roni. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ kì í sinmi, ẹni tó bá ń bẹ̀rù ìṣísẹ̀ lè dàrú.

Èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù nípa ìṣubú ni ti Fuzhong Li àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon, Amẹ́ríkà. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ péré ni wọ́n mú: ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ọwọ́ bí ìkùukùu wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní lílé ọ̀bọ sẹ́yìn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìtani, kò sí ejò, kò sí àkùkọ. Èèyàn lè kọ́kọ́ jókòó ṣe é, kó di àga mú, kó tó wá dá dúró. Ní 2018, wọ́n tẹ èsì ìwádìí wọn jáde lórí àwọn àgbàlagbà 670 tó ti pé ẹni ọdún 70 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ewu ìṣubú wà fún. Wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 24, mú ìṣubú dín ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti àwọn tó kàn ń na ara.

Ṣọ́ra o: ọ̀wọ́ onígbésẹ̀ mẹ́jọ mìíràn wà láti Ṣáínà, tí àkùkọ àti ìtani wà nínú rẹ̀. Iye kan náà, ohun ọ̀tọ̀. Nítorí náà, má ṣe bi olùkọ́ ní iye ìgbésẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ní kó ṣe é tán lójú rẹ. Wo bí ẹsẹ̀ kan ṣe ń pẹ́ tó lókè, bí ìdí ṣe ń sún mọ́lẹ̀ tó, àti bóyá orúnkún ń yí lórí ẹsẹ̀ tí ìwúwo ṣì wà. Jẹ́ kí àgbàlagbà náà dúró sẹ́yìn àga, kó gbé ẹsẹ̀ kan díẹ̀, kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá lè ka ení títí dé ẹẹ́wàá kó tó di àga mú, ọ̀wọ́ tí kò ní ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ kan ni tirẹ̀ fún ìsinsìnyí. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ rí.

Tó bá wá ṣe mẹ́jọ ti Li náà láìdi nǹkan mú, tó sì ń yíjú láìfì, ó lè bọ́ sórí 24. Níbẹ̀ pàápàá, ọmọ ìka ẹsẹ̀ lè kan ilẹ̀ níbi ìtani, ejò sì lè mọ ní títẹ orúnkún díẹ̀. Olùkọ́ tó bá gbọ́ èyí tó yarí, kí wọ́n wá òmíràn.