Bí ẹgbẹ́ àdúgbò ṣe di ọwọ́ ikú: ìpilẹ̀ṣẹ̀ kebele ní Etiópíà

Owó ilé ló bí kebele. Ní oṣù keje ọdún 1975, ìjọba ológun Etiópíà gba gbogbo ilẹ̀ inú ìlú ńlá lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Wọ́n ní ilé tí onílé ń gbé nìkan ló lè jẹ́ tirẹ̀, ìyókù ti di ti ìjọba. Ta ni yóò wá máa gbowó lọ́wọ́ ayálégbé? Ni wọ́n bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kebele lédè Amharic, pé kí ará àdúgbò yan alága àti ìgbìmọ̀ tiwọn. Wọ́n dín owó ilé àwọn tálákà kù. Inú mẹ̀kúnnù dùn, ó sì tọ́ kí inú wọn dùn, torí ọwọ́ àwọn ìjòyè àtàwọn ọlọ́lá díẹ̀ ni ilẹ̀ Addis Ababa wà tẹ́lẹ̀.

Derg ni wọ́n ń pe àwọn ológun tó ṣòfin yìí, ìyẹn ni pé "ìgbìmọ̀". Nǹkan bí 120 ni wọ́n nígbà tí wọ́n kóra jọ láti oríṣiríṣi bárékè ní oṣù kẹfà ọdún 1974. Ọ̀kan lára wọn ni Mengistu Haile Mariam, major kan tó ti ìlú Harar wá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, wọ́n rọ Ọba Haile Selassie lóyè, wọ́n fi Volkswagen ìjàpá gbé e kúrò láàfin. Lóṣù kọkànlá, wọ́n yìnbọn pa nǹkan bí 60 ìjòyè àti ọ̀gágun láìṣẹjọ́. Ọba kú sí wọn lọ́wọ́ ní 1975. Abẹ́ ilẹ̀ nínú ọgbà ààfin ni wọ́n ti wú egungun rẹ̀ ní 1992. Nígbà tó di ọjọ́ 3 oṣù kejì 1977, wọ́n pa Teferi Banti, alága Derg fúnra rẹ̀, Mengistu sì gorí àga.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń kígbe ìyípadà kí ológun tó dé ní kí ìjọba bọ́ sọ́wọ́ aráàlú. Ọ̀pọ̀ wọn wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan tí wọ́n ń pè ní EPRP, ẹ̀kọ́ Marx kan náà tí Mengistu ń pariwo ni wọ́n sì gbà gbọ́. Wọ́n gbìyànjú láti pa á ní oṣù kẹsàn-án 1976, wọ́n sì ń pa àwọn aṣáájú kebele. Ìjọba bá gbé ìbọn fún kebele, ó fún un ní àtìmọ́lé.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ẹni tó ń gbowó ilé mọ ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì, ó mọ àlejò tó sùn mọ́jú, ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé ìdánimọ̀ ti ń wá. Ní oṣù kẹta 1977, wọ́n tú Addis láti ilé dé ilé. Lóṣù kẹrin, Mengistu dúró ní gbàgede ìlú, ó fọ́ ìgò tí ohun pupa bí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní bí ẹ̀jẹ̀ ọ̀tá yóò ṣe ṣàn nìyẹn. Qey Shibir ni wọ́n pè é, Ìpayà Pupa. Òkú ọmọ ọlọ́mọ ń sùn lójú títì di àárọ̀. Àwọn òbí tó fẹ́ gba òkú ọmọ wọn ní láti san owó ọta ìbọn tó pa á, wọn ò sì gbọdọ̀ sunkún ní gbangba. Mo ti ka ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ yẹn ni ọkàn mi máa ń dúró sí. Ìyá tí wọ́n ní kó gbé ẹkún mì.

Ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn, Meison, tó bá Mengistu lé EPRP, kò pẹ́ kó tó kàn wọ́n náà. Nígbà tí Sòmálíà gbógun wọ Etiópíà, ohun ìjà Soviet àti ọmọ ogun Kúbà ló gba Mengistu sílẹ̀, ó sì jọba títí di ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún 1991, tó sá lọ sí Zimbabwe. Ìwé àṣẹ tí Derg fọwọ́ ara wọn kọ wà lára ẹ̀rí tí ilé ẹjọ́ fi dá a lẹ́bi ìpakúpa ní 2006, láìsí níbẹ̀.

Kebele kò bá a lọ. Ó ṣì wà ní Etiópíà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gba káàdì ìdánimọ̀.