Bí Géèmù Bọ́ọ̀lù Kan Ṣe Ń Gbé Odindi Ilé Iṣẹ́ Ró

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá ní agbègbè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń gbé, yóò rí i pé géèmù bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń bá wá, àti pé FIFA ni wọ́n ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2023 ni Electronic Arts, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe é, ti sọ orúkọ rẹ̀ di EA Sports FC. Ohun tí ojú kò tètè rí ni bí ilé iṣẹ́ náà, tó ní oríṣiríṣi géèmù mìíràn, ṣe fẹ̀yìn ti ẹyọ kan yìí.

Kì í ṣe owó dísìkì nìkan ló ń mú èrè wá. Láti ọdún 2009 ni apá kan ti wà nínú géèmù náà tí wọ́n ń pè ní Ultimate Team, níbi tí ẹni tó ń gbá géèmù náà ti lè fi owó gidi ra páàkì káàdì agbábọ́ọ̀lù láìmọ ẹni tí yóò bá nínú rẹ̀. Àwọn ògbóǹtarìgì kì í sábà jáde, nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń rà á lárà-tún-rà. Bí ẹ̀dà tuntun bá sì dé lọ́dọọdún, àwọn káàdì tí ènìyàn ti kó jọ kì í bá a lọ síbẹ̀. Ó di dandan kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún ìṣúná tó parí ní oṣù Kẹta ọdún 2021, bílíọ̀nù 1.62 dọ́là ló wọlé láti ara Ultimate Team, tó wà nínú àwọn géèmù eré ìdárayá mìíràn tí ilé iṣẹ́ náà ń ṣe pẹ̀lú, ìyẹn ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó wọlé fún ilé iṣẹ́ náà, bọ́ọ̀lù ló sì mú èyí tó pọ̀ wá nínú rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Ògbómọ̀ṣọ́ kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Dísìkì kan ṣoṣo ni àìmọye ènìyàn ń fi figa gbága níbẹ̀, tí ẹni méjì yóò jókòó ti ara wọn pẹ̀lú pádì lọ́wọ́, láìlo íntánẹ́ẹ̀tì. Òkìkí géèmù náà ni wọ́n ń gbé ga. Owó tuntun kò ti ọ̀dọ̀ wọn dé Amẹ́ríkà.

Ìdí tí ilé iṣẹ́ fi ń rọ̀ mọ́ irú géèmù bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Géèmù ńlá tuntun lè gba ọ̀pọ̀ ọdún àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ kí kọ́bọ̀ kan tó wọlé, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ènìyàn yóò gbà á. Ti bọ́ọ̀lù, àwọn olùrà ti wà nílẹ̀. Nítorí náà, ibẹ̀ ni owó àti òṣìṣẹ́ ń lọ, àwọn èrò tuntun kì í sì rí ìtọ́jú tó tọ́ sí wọn, ìgbáralé náà wá ń jinlẹ̀ sí i.

Ewu rẹ̀ hàn ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Géèmù bọ́ọ̀lù náà kò kùnà. Títà rẹ̀ kàn dẹwọ́ lẹ́yìn ọdún méjì tó ti ń gbèrú ni. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ náà ní láti dín owó tó ń retí lọ́dún náà kù, láti bílíọ̀nù 7.5 sí 7.8 dọ́là wá sí bílíọ̀nù 7 sí 7.15, ó sì sọ pé bọ́ọ̀lù ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú àdínkù náà. Lọ́jọ́ kejì, iye ìpín ìdókòwò rẹ̀ já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin ìjọba pẹ̀lú lè ṣe irú ọṣẹ́ bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn tí àwọn aláṣẹ Bẹ́ljíọ̀mù sọ ní ọdún 2018 pé tẹ́tẹ́ ni títa ohun tí olùrà kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, Electronic Arts dáwọ́ títa owó inú géèmù náà, tí wọ́n fi ń ra páàkì, dúró níbẹ̀ ní ọdún 2019.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n kéde àdéhùn láti ta ilé iṣẹ́ yìí ní bílíọ̀nù 55 dọ́là, tí bílíọ̀nù 20 nínú rẹ̀ jẹ́ owó yíyá. Owó tó ń wọlé fún ilé iṣẹ́ náà ni wọn yóò máa fi san gbèsè ọ̀hún, èyí tó túmọ̀ sí pé kò ní rọrùn fún un láti dín títa páàkì kù, kódà bí àwọn tó ń rà á bá ń ráhùn.