Ìpẹ̀yàrun àti lílé ẹ̀yà kúrò nílẹ̀: kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ṣé iye òkú ló ń sọ ìpànìyàn di ìpẹ̀yàrun?

Rárá o. Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lọ́jọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1948 kò dárúkọ iye kankan. Èrò inú ẹni tó ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n ń wò: ṣé ó fẹ́ pa àwọn èèyàn kan run, gbogbo wọn tàbí apá kan nínú wọn, nítorí orílẹ̀-èdè, ẹ̀yà, ìran tàbí ẹ̀sìn wọn? Iṣẹ́ márùn-ún ni àdéhùn náà kà: pípa wọ́n; ṣíṣe wọ́n léṣe gidigidi, lára tàbí lọ́kàn; fífi oúnjẹ, omi tàbí oògùn dù wọ́n kí wọ́n lè kú tán; dídènà ọmọ bíbí láàárín wọn; fífipá kó ọmọ wọn fún àwọn mìíràn. Nínú méjì tó gbẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni lè má kú, kó sì jẹ́ ìpẹ̀yàrun síbẹ̀.

Lílé ẹ̀yà kúrò nílẹ̀ ńkọ́?

Ilẹ̀ ni ẹni tó ń ṣe èyí ń wá. Ó fẹ́ kó ṣẹ́ku ẹ̀yà tirẹ̀ nìkan níbẹ̀. Ẹ wo Prijedor ní Bọ́sníà. Ní 1992, àwọn aláṣẹ Sẹ́ẹ̀bù gba ìlú náà, wọ́n lé àwọn ẹ̀yà tó kù, ìyẹn àwọn Bosniak tó jẹ́ Mùsùlùmí àti àwọn Croat, lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún sí àgọ́ Omarska, Keraterm àti Trnopolje. Wọ́n lù wọ́n níbẹ̀, wọ́n fipá bá obìnrin lò, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀.

Ìwà yìí kò ní àdéhùn àgbáyé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó fúyẹ́. Milomir Stakić, tó jẹ́ olórí ìjọba ìbílẹ̀ Prijedor nígbà náà, bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn ìpẹ̀yàrun, síbẹ̀ ẹ̀wọ̀n ọdún 40 ló já sí fún un ní 2006 nílé ẹjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ fún ọ̀ràn ogun Yugoslavia, nítorí ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn. Ọ̀gágun Sẹ́ẹ̀bù, Radislav Krstić, tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó ṣèrànwọ́ fún ìpẹ̀yàrun ní Srebrenica, ìlú mìíràn ní Bọ́sníà, gba ọdún 35. Ẹni tó bá ń sọ pé “wọ́n kàn lé wọn ni” kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó.

Ogun Bọ́sníà kan náà ni. Kí ló dé tí Srebrenica fi jẹ́ ìpẹ̀yàrun, tí Prijedor kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú ilé ẹjọ́?

Ibi tó ta kókó jù nìyí. Srebrenica wà lábẹ́ ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà tí àwọn ọmọ ogun Sẹ́ẹ̀bù ti Bọ́sníà gbà á lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1995. Wọ́n ya ọkùnrin kúrò lára obìnrin. Wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó nǹkan bí 25,000 obìnrin, ọmọdé àti arúgbó jáde. Wọ́n pa nǹkan bí 8,000 ọkùnrin àti ọmọdékùnrin Bosniak láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ká ní ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wá ni, wọn ì bá kó àwọn ọkùnrin náà sínú bọ́ọ̀sì. Adájọ́ tún wò ó pé bí ọkùnrin bá ti tán, tí obìnrin kò sì rílé padà sí, àwùjọ yẹn kò lè gbérí mọ́. Lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n fi katakata hú òkú lọ sí kòtò mìíràn láti fi ẹ̀rí pamọ́, débi pé egungun ẹnì kan ń jáde láti ibojì méjì tàbí mẹ́ta. DNA ni wọ́n fi ń mọ ti ta ni.

Ní Prijedor, adájọ́ rí i pé wọ́n jẹ́ kí ọ̀pọ̀ lọ láàyè. Òfin sì ní bí wọn kò bá rí ọ̀rọ̀ tó tú èrò inú síta, ìwà tí wọ́n hù gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ìparun nìkan. Bí ìtumọ̀ mìíràn bá bọ́gbọ́n mu, ẹ̀sùn náà ti já. Òṣùwọ̀n yìí le jù lójú wa. Ọ̀pọ̀ tó la Omarska já kò gbà á, a ò sì bá wọn wí.

Ṣé dandan ni kí ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ dájọ́ kí àwọn ìjọba tó dìde?

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2007, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé sọ pé ojúṣe láti dènà ìpẹ̀yàrun ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí ìjọba kan bá ti mọ̀, tàbí tó yẹ kó ti mọ̀, pé ewu ńlá wà. Wọ́n dá Sẹ́bíà lẹ́bi nítorí pé kò dènà ti Srebrenica. Ewu náà sì máa ń hàn: ní Rùwáńdà, káàdì ìdánimọ̀ ti kọ ẹ̀yà oníkálukú sára kí ìpakúpa 1994 tó bẹ̀rẹ̀, rédíò RTLM sì ti ń pe àwọn Tutsi, ẹ̀yà tí wọ́n fẹ́ pa run, ní aáyán.

Kí ni ẹni tí fídíò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè ṣe?

Ẹ má gé e, ẹ má kọ nǹkan sójú rẹ̀. Ẹ tọ́jú fáìlì náà bó ṣe dé, nítorí fífi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp lè pa ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á rẹ́. Ẹ kọ ẹni tó fi ránṣẹ́ sílẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń pàṣẹ sọ, lédè tó fi sọ ọ́: ibẹ̀ ni adájọ́ ti ń wá èrò inú.